Tróólì Tí A Kò Kọ Sínú Ìwé

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú àárò mi o, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bínú. Mo tilẹ̀ ń gbọ́ ohùn yín níbi tí mo wà: "Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ní ìwé kíkọ, òun ni kò rí ìwé kọ sí mi mọ́!" Ẹ má bínú. Iṣẹ́ ló gbé mi mì. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀yìn ṣì ń dùn yín? Màmá sọ fún mi lórí fóònù pé òun ké sí yín láti ilé ìdáná pé kí ẹ bá òun mú iyọ̀ wá, ẹ sì dáhùn pé, "Àmín." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, lẹ́yìn náà ni àánú yín wá ṣe mí. Fèrè ọkọ̀ ojú irin ti jẹ etí yín tán. Ó dáa, n óò máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́.

Yàrá tí mò ń gbé wà lókè ilé ìfọṣọ kan. Láti àárọ̀ ni àwọn ẹ̀rọ ti máa ń yí nísàlẹ̀, tí ilẹ̀ yàrá mi á máa gbọ̀n, tí ife orí tábìlì mi á máa rìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé etí tábìlì. Mo ti fọ́ méjì. Èmi náà kì í lè jókòó pẹ́ níbẹ̀. N óò dìde, n óò lọ sídìí fèrèsé, n óò padà wá jókòó, n óò tún dìde.

Ẹ ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Nínú kọ̀ǹpútà, ètò kan wà nísàlẹ̀ pátápátá tó jẹ́ ọ̀gá fún gbogbo ètò yòókù. Òun ló ń pín iṣẹ́, òun ló ń sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ lọ. Ètò yẹn ni àwa ń tọ́jú. Apá tèmi níbẹ̀ ni títọ ipasẹ̀: a máa ń mọ ibi tí wọ́n gbà, ibi tí wọ́n ti yà àti ìgbà tí wọ́n yà, láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ pé à ń wò wọ́n.

Láti oṣù tó kọjá, kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà wa kan ń dákú. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún láìsí wàhálà. Tó bá di ọjọ́ kẹfà, gbì, ó ti kú, a kò sì mọ ohun tó pa á. Bẹ́ẹ̀, oṣù kẹfà ni wọ́n máa pinnu bóyá wọ́n á gbà mí síṣẹ́ yìí pátápátá tàbí kí n máa lọ. Ọkàn mi kò lélẹ̀ rárá. Ẹ bá mi gbàdúrà.

Ọmọ yín,
Oníbéèrè


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì

Oníbéèrè mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ kí ọ. Ó tán, ìkíni ti parí, ìjà ló kàn.

Ipasẹ̀ ta ni ẹ̀ ń tọ̀? O kọ ọ́ síbẹ̀ gedegbe, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin: ibi tí wọ́n gbà, ibi tí wọ́n ti yà, láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Àwọn wo ni "wọ́n"? Ṣé iṣẹ́ amí lo lọ ṣe nílẹ̀ onílẹ̀? Mo gbé ìwé náà lọ bá bàbá ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ní ilé kejì. Ó kà á, ó mi orí, ó ní iṣẹ́ tí òun náà fi ọgbọ̀n ọdún ṣe nìyẹn, àti pé títí di òní, bí òun bá wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ láti gẹ irun, gbogbo ẹnu ló ń pa mọ́. Ṣé ohun tí o fẹ́ fún ara rẹ nìyẹn? Ìyá rẹ kò jẹun dáadáa láti ìjẹta. Ó ní kí ni òun máa sọ bí wọ́n bá bi òun pé iṣẹ́ kí ni ọmọ òun ń ṣe.

Èmi tí ò ń wò yìí, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, gbangba ni mo sì ti ṣe é. Gbogbo ayé ló ń rí mi pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ amí ni, fi í sílẹ̀ kí o máa bọ̀ nílé. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣàlàyé kó yé mi, má fi èdè àwọn ọ̀mọ̀wé yí mi lórí.

Fi bátìrì ẹ̀rọ etí mi ránṣẹ́, àwọn kékeré tó rí bíi bọ́tìnnì. Fi fọ́tò ránṣẹ́ pẹ̀lú, kó dé ẹsẹ̀ o. Èyí tó jẹ́ ojú nìkan tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, ìyá rẹ ní o fi ń tan òun ni, pé o ti rù.

Èmi ni bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ìpayà o! Kí ló dé tí ẹ kò kọ́kọ́ bi mí kí ẹ tó gbé ìwé mi lọ bá bàbá ọlọ́pàá? Ní báyìí, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé amí ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Màmá kó jẹun. Kì í ṣe èèyàn là ń ṣọ́. Iṣẹ́ tó ń lọ nínú kọ̀ǹpútà là ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀, kí a lè mọ ibi tó ti ń fà tàbí ibi tó ti ṣìnà. Fọ́tò tó dé ẹsẹ̀ wà nínú ìwé yìí. Bátìrì ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ tiyín ṣàlàyé fún yín. Ẹ rántí àga gíga tí ẹ máa ń gbé mi kà ní ọ́fíìsì yín ní stéṣọ̀n, tí mo máa ń wo ọ̀pá irin tí ẹ gbé kọ́ sára ògiri? Awakọ̀ tí kò bá gba ọ̀pá yẹn lọ́wọ́ yín kò gbọdọ̀ wọ ojú irin. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà ní irú ojú irin bẹ́ẹ̀. Àwọn atọpasẹ̀ mẹ́ta ló wà tó máa ń fẹ́ wọ ibẹ̀, a sì ti sọ wọ́n lórúkọ láàárín ara wa. Akọ̀wé máa ń kọ gbogbo ìyànà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Arántí kì í kọ nǹkan púpọ̀. Ìwọ̀nba ìyànà tó kẹ́yìn ló máa ń rántí. Ẹ̀kẹta ni Arúgbó, òun ló ti pẹ́ jù, ó wúwo, ó sì le. Láyé àtijọ́, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ló lè wọlé lẹ́ẹ̀kan. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà tuntun, Akọ̀wé àti Arántí ti rẹ́, wọ́n lè jọ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Arúgbó kò bá ẹnikẹ́ni rẹ́. Bó bá bá ẹlòmíràn níbẹ̀, kọ̀ǹpútà á dákú.

Ètò tiwa ló dúró lẹ́nu ọ̀nà bíi tiyín. Ó ń ka iye ẹni tó wọlé àti iye ẹni tó jáde, kí ó lè mọ ìgbà tí yóò sọ fún ẹnì kan pé, "Dúró ná." A fura pé Arúgbó ló ń kọlu ẹnì kan nínú ilé, ṣùgbọ́n òǹkà ń sọ pé kò sẹ́ni nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ náà ti wá di ti ènìyàn. Ọkùnrin kan wà tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi, Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é, torí kì í rí nǹkan bínú sí. Lánàá, ọ̀gá wa obìnrin ṣí apá ibi tí ìṣòro wà, ó bi mí lójú gbogbo èèyàn pé, "Orúkọ ta ló wà lára èyí?" Mo wò ó, mo ní, "Orúkọ Ẹlẹ́rìn-ín ni." Ó ní bí Ẹlẹ́rìn-ín kò bá rí ojútùú rẹ̀ títí di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù karùn-ún, kó máa lọ. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, Bàbá. Iṣẹ́ yìí ló sì so ìwé àṣẹ ìgbélùú rẹ̀ ró. Bó bá ti kúrò níbí, wọ́n á ní kó kúrò nílẹ̀ náà.

Ìbéèrè kan ni mo ní. Nígbà tiyín, ǹjẹ́ ó ṣẹlẹ̀ rí pé nǹkan méjì lè jọ wà lójú irin kan láìséwu, ṣùgbọ́n tí ẹ̀kẹta kò gbọdọ̀ bá wọn níbẹ̀? Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ọmọ yín tí kì í ṣe amí,
Oníbéèrè


Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹta

Oníbéèrè mi,

Ọmọ rere, o kú iṣẹ́, o kú làálàá! Mo ti lọ sọ fún bàbá ọlọ́pàá pé kò mọ nǹkan kan. Ìyá rẹ ti jẹun, ó tilẹ̀ jẹ tèmi mọ́ ọn. Fọ́tò dé. Ó ní o rù lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàtà rẹ dára.

O sì fi rélùwéè ṣàlàyé fún mi! Mo ka ibẹ̀ sókè fún ìyá rẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ti gbọ́. Ṣé o rí i, iṣẹ́ tí mo ṣe kò tíì kú, ó kàn wọ inú kọ̀ǹpútà ni.

Wàyí o, ìbéèrè rẹ. Ó ń ṣẹlẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló wà láti ọ̀dọ̀ wa dé stéṣọ̀n tó kàn, ìyẹn o mọ̀. Ṣùgbọ́n tróólì wà. Pèpéle kékeré onítáyà irin ni, tí àwọn tó ń tún ojú irin ṣe máa ń tì lọ pẹ̀lú irinṣẹ́ wọn. Ọkùnrin mẹ́rin lè gbé e kúrò lójú irin bí wọ́n bá gbọ́ ìró ọkọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wọ́ lọ jẹ́jẹ́ kò lè ṣe tróólì ní nǹkan kan. Torí náà, a máa ń jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ wà níbẹ̀, a kì í sì fún tróólì ní ọ̀pá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ asáré tó ń kó èrò, há! Kí wọ́n tó gbọ́ ìró rẹ̀ ní ìyànà, ó ti dé. Ìyẹn kò gbọdọ̀ bá tróólì níbẹ̀ láéláé.

Fún ìdí èyí, bí a kò tilẹ̀ fún tróólì ní ọ̀pá, dandan ni ká kọ ọ́ sínú ìwé: wákàtí tó jáde, wákàtí tó wọlé. Ẹni tó bá wá rò ó pé torí pé tróólì àti ọkọ̀ akẹ́rù rẹ́, kò sí ìdí fún kíkọ

Mo fẹ́ dá kálàmù dúró níbí. Ọwọ́ ń dùn mí. Má gbàgbé bátìrì.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé n kò kí yín. Tróólì ni! Tróólì náà ni!

Ibi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ni mo ti ka ìwé yín. N kò wọ bọ́ọ̀sì náà mọ́, ẹsẹ̀ ni mo fi sáré dé ọ́fíìsì. Mo ṣí apá ibi tí òǹkà wà, mo sì rí i. Ìlà méjì péré ni. Ó ní: bí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ tuntun, tí Akọ̀wé àti Arántí lè jọ wà, jẹ́ kí wọ́n wọlé, má wulẹ̀ kà wọ́n. Bí Arántí ṣe ń wọlé láìsí ẹni tó kà á nìyẹn. Arúgbó á dé, á béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà nínú ilé, òǹkà á ní òdo, ó di gbà-á. Mo dìde lórí àga, mo jó. Ẹlẹ́rìn-ín ní kí ló dé, mo ní kò sí nǹkan.

Mo wá fẹ́ mọ ọjọ́ tí ó kọ ọ́. Bàbá, òun kọ́ ló kọ ọ́. Lọ́dún tó kọjá, ojú ìwé tí ìlà náà wà níbẹ̀ ti gùn jù, wọ́n ní kí Ẹlẹ́rìn-ín kó apá kan rẹ̀ lọ sí ojú ìwé tuntun. Bí ènìyàn bá kó ìlà bẹ́ẹ̀, orúkọ ẹni tó kó o ló máa ń hàn lára rẹ̀, àfi tí èèyàn bá fi sùúrù wá ìtàn rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Mo wá a lọ sẹ́yìn. Èmi ni. Èmi ni mo kọ ọ́, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oṣù mẹ́ta níbí. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa, torí inú mi dùn sí i. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo ń ta.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Kò sẹ́ni tó máa wá a débẹ̀. Mo lè tún ìlà náà ṣe lónìí, kí n má sọ nǹkan kan. Bí mo bá sọ̀rọ̀, oṣù kẹfà mi ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí n kò bá sọ̀rọ̀, Ẹlẹ́rìn-ín á kó ìyàwó àti ọmọ tuntun sọ́nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde lọ sídìí fèrèsé kí n tó kọ èyí parí.

Ẹ̀yin tí ẹ fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ láìní àbàwọ́n kankan, ẹ sọ fún mi. Kí ni kí n ṣe? Ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Oníbéèrè


Ọjọ́ keje, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Kò sí ìwé. Mo ti sọ̀kalẹ̀ lọ wo àpótí lẹ́tà títí obìnrin tó ni ilé ìfọṣọ fi bi mí pé ta ni mò ń fẹ́. Ṣé ẹ ń bínú sí mi ni? Ẹ bínú lórí ìwé kí n rí i. Dídákẹ́ yín le ju èébú lọ.

Mo ti tún ìlà náà ṣe. Gbogbo ẹni tó bá ń wọlé á di kíkà báyìí, ì báà rẹ́, ì báà má rẹ́, àti pé kí Arúgbó tó wọlé, ètò náà á kọ́kọ́ wò bóyá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Bó bá bá ẹnì kan, á ní kó padà. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan tó dákú láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn, ó ní mo yọ wọ́n. Ó wá yíjú sí Ẹlẹ́rìn-ín, ó ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí tí òun dá fún un kò yí padà, torí ẹlòmíràn ló bá a rí ojútùú.

Ẹ ò mọ ohun tó ṣe. Ó gbé tíì wá fún mi lórí tábìlì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ó ní, "N kò rántí ìgbà tí mo kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ o. Orí mi ti fò lọ nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá n óò fẹ́ gba àga rẹ̀ tó bá lọ, torí tèmi máa ń dún. Mo sá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún níbẹ̀.

Ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ dákun.

Oníbéèrè


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ìyá rẹ ni. Bàbá rẹ kò mọ̀ pé mò ń kọ èyí, mo sì ń sáré kó tó dé. Kò ṣàìsàn o, má fòyà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìwé rẹ tó kẹ́yìn ti dé, ìdí rẹ̀ kò gbélẹ̀. Á wọ bàtà, á jáde, á wọlé, á bọ́ bàtà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i tó dúró ní òdìkejì àtíbàbà Bọ̀dá Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ní ìkóríta, tí kò sọdá. Ó ti gbé àpótí irin sọ̀kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn. Kí lo kọ sí i? Bátìrì dé, kò tilẹ̀ tíì fi sí i.

Jẹun dáadáa.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún

Oníbéèrè mi,

N kò ní kí ọ. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú ìkíni, ìkíni náà ni mo sì fi parí wọn. Mo ti ya wọ́n.

O kọ ọ́ pé mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ láìní àbàwọ́n. Ta ló sọ fún ọ? Èmi ni mo sọ fún ọ. Irọ́ ni mo pa.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́ nígbà náà. Mo ní igbákejì kan ní stéṣọ̀n, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju ti gbogbo wa lọ. Òun ni Bọ̀dá Atúnkẹ̀kẹ́ṣe, tí o máa ń bi mí pé kí ló dé tí kì í dá mi lóhùn bí mo bá kí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò rọ̀, òrùlé ń jò sórí ìwé ìwọlé-jáde, ojú ewé ọjọ́ náà sì rin gbingbin. Mo ní kí igbákejì mi dà á kọ sí ojú ewé tuntun. Nígbà tó kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ ni tróólì dé. Ọkọ̀ akẹ́rù ń wọ́ bọ̀ jẹ́jẹ́. Mo ní kí wọ́n máa lọ. Agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. N kò kọ ọ́. Mo ní àwọn méjèèjì ṣáà rẹ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù wọlé. Ọkọ̀ asáré dé. Mo ké láti ojú fèrèsé pé, "Kí ló wà nínú ìwé?" Igbákejì mi ka ohun tó kọ, ó ní, "Ojú irin ṣófo, ọ̀gá." Mo ti gbàgbé tróólì pátápátá. Mo na ọ̀pá sí awakọ̀. Ní ìyànà ni wọ́n ti pàdé. Mẹ́ta nínú àwọn tó ń ti tróólì fò kúrò. Olórí wọn kò tètè fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ni wọ́n gé.

Àwọn mẹ́ta wá láti olú iléeṣẹ́. Wọ́n gbé ìwé náà síwájú mi, wọ́n ní, "Ọwọ́ ìkọ̀wé ta nìyí?" Mo wò ó, mo ní, "Ọwọ́ ìkọ̀wé igbákejì mi ni." Wọn kò béèrè nǹkan mìíràn, n kò sì sọ nǹkan mìíràn. Ojú ewé tó rin wà nínú àpò ẹ̀wù mi nígbà náà.

Èyí tó burú jù kò tíì dé. Ní ọjọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ, ó wá bá mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi rò ó. Ṣé mo fo ìlà kan ni nígbà tí mò ń dà á kọ?" Mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ọdún méjìlélógún nìyí, ọmọ mi. Kì í ṣe ìbínú ni kì í jẹ́ kó dá mi lóhùn bí mo bá kí i. Ìtìjú ni. Ó rò pé òun ló gé ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn, ó sì rò pé òun ló dójú tì mí. Mo mọ̀ ọ́n. Lójoojúmọ́ ni mo ń kọjá níwájú rẹ̀, tí mo ń kí i, tó ń tẹrí ba, tí mo sì ń lọ sílé lọ jẹun.

O bi mí pé kí ni kí o ṣe. Ojú ń tì mí láti pàṣẹ fún ọ. Ohun tí mo mọ̀ nìkan ni mo lè sọ: iṣẹ́ náà kò bọ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì gbádùn rẹ̀ fún ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ìwé yín dé ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, pẹ̀lú ti Màmá. Mo kà á lórí àtẹ̀gùn. Inú bí mi sí yín, n kò ní purọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé kẹ̀kẹ́ mi lọ bá Bọ̀dá Atúnkẹ̀kẹ́ṣe, ó máa ń béèrè pé, "Ọ̀gá mi ńkọ́, ara wọ́n le?" Ọ̀gá mi! Mo fẹ́ ya ìwé náà. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ẹni tí mo jẹ́, tó gba tíì lọ́wọ́ Ẹlẹ́rìn-ín tó sì mu ún.

Lọ́jọ́ kejì, n kò dúró kí wọ́n pè mí. Mo wọlé tọ ọ̀gá lọ, Ẹlẹ́rìn-ín wà níbẹ̀ tó ń kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí. Mo ní, "Èmi ni mo kọ ìlà yẹn. Òun kàn kó o láti ibì kan sí ibòmíràn ni. Mo ti mọ̀ láti oṣù kẹrin." Ọ̀gá bi mí pé kí ló dé tí mo dákẹ́. Mo ní ẹ̀rù ló bà mí.

A máa ń kọ̀wé sábẹ́ àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, kí a sọ ìlà tó bàjẹ́ àti ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́. Mo ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Mo jókòó, mo kọ orúkọ mi síbẹ̀, mo sì fi kún un pé ẹni tó kó ìlà náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́ mọ́.

Ẹlẹ́rìn-ín ń bá iṣẹ́ lọ. Èmi, wọ́n ní kí n máa lọ ní ìparí oṣù yìí. Àṣìṣe kọ́ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ lé mi, ọ̀gá sọ bẹ́ẹ̀ lójú mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi dákẹ́ ni. Ẹlẹ́rìn-ín kò bá mi sọ̀rọ̀ fún odidi ọjọ́ méjì. Lánàá ló wá síbi tábìlì mi, mo rò pé ó fẹ́ sọ nǹkan. Ó gba àga rẹ̀ tó ti gbé fún mi padà, ó wọ́ ọ lọ.

N kò mọ ibi tí mò ń lọ láti ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n mo sùn lánàá. Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Ojú ewé tó rin yẹn, ṣé inú àpótí irin ló wà síbẹ̀?

Oníbéèrè


Ogúnjọ́, oṣù kẹfà

Oníbéèrè mi,

Mo kí ọ dáadáa lónìí. Mo kí ọ tọkàntọkàn. Máa bọ̀ nílé bí o bá fẹ́, tàbí kí o wá iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀, ibi tó bá wù ọ́. Ìyá rẹ ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, kò dúró kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ.

Ìwé rẹ dé ní àná, ní agogo mẹ́wàá. Mo fi bátìrì tuntun sí ẹ̀rọ etí mi, torí n kò fẹ́ kí Bọ̀dá Atúnkẹ̀kẹ́ṣe sọ nǹkan kan tí n kò ní gbọ́. Mo mú ojú ewé náà nínú àpótí irin, mo sọdá sí àtíbàbà rẹ̀.

Ó ń lẹ táyà. Ó dìde bó ṣe rí mi, ó tẹrí ba bó ṣe máa ń ṣe. Mo ní kó jókòó, mo sì na ojú ewé náà sí i. Ó ti gbẹ, ó ti pọ́n, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ kó tó gbà á. Ó fi ìka tọ ìlà rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó padà sókè, ó tún tọ̀ ọ́ wá sísàlẹ̀. Ó ní, "Ìlà mẹ́tàdínlógún." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Mẹ́tàdínlógún náà ni mo kọ." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. O kò fo ìkankan. Èmi ni n kò kọ tróólì, mo sì mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ náà."

Mo ti rò pé á gbá mi létí. Mo ti múra sílẹ̀ fún un. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí kẹ̀kẹ́ tó ń tún ṣe, ó di ojú ewé náà mú, ó ń ka ìlà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní kí n máa lọ. Mo lọ. Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ, mo sọ fún òun náà. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àná, àyàfi pé kí n wá jẹun.

Láàárọ̀ yìí, mo gba ìkóríta kọjá, mo kí i. Kò dáhùn. Ṣùgbọ́n kò tẹrí ba mọ́. Ó dúró ṣánṣán, ó wò mí lójú títí mo fi kọjá.

N óò tún kí i lọ́la.

Bàbá rẹ.